Ẹ̀bi Ta Ni? Eré Ìbànújẹ́ Mẹ́ta ti Ẹgbẹ́ Òṣèré Dúró Ládiípọ̀

Ní agbègbè wa yìí, bí a bá ti gbọ́ pé àwọn òṣèré ń bọ̀, ẹ̀rín la ń gbé lọ́wọ́ kí a tó jáde nílé. Concert-party àwọn ará Lomé ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀: orin àti ìlù, ọkùnrin tó wọ aṣọ obìnrin, ọ̀rọ̀ olórogún, ọ̀rọ̀ ọmọ tó ti ìlú ńlá dé tí kò mọ baba rẹ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ ní èdè tí ará ọjà gbọ́, tí àwọn òǹwòran sì ń dá sí i láti orí ìjókòó wọn. A kò fojú kéré irú eré bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, omijé pàápàá kò sì jìnnà sí ẹ̀rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí ẹnìkan bá dábàá láàárín wa pé kí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka eré tó ń dunni dọ́kàn, ìbéèrè kan náà ni yóò jẹ yọ: ṣé ìbànújẹ́ ti tán nílé wa ni, tí a ó fi máa wá a lọ sórí ìtàgé?

Ìbéèrè náà tọ́, kì í sì í ṣe ìbéèrè òpè. Àwọn tó ń béèrè rẹ̀ ti sin òkú, wọ́n ti sùn sí ọsibítù lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ. A fẹ́ fi ìwé kékeré yìí dá wọn lóhùn. A kò ní fi ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè dá wọn lóhùn. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ òṣèré kékeré kan tó jẹ́ ọmọ ìyá wa ni a ó fi ṣe é, ìyẹn ẹgbẹ́ Dúró Ládiípọ̀ ní Òṣogbo, tó gbé eré mẹ́ta jáde láàárín ọdún 1962 sí 1964: Ọba Mọ́rọ̀, Ọba Kò So, àti Ọba Wàjà.

Olùkọ́ ilé-ìwé ni Ládiípọ̀, ó sì ń kọ orin fún ìjọ Ọlọ́run. Nígbà tó gbé ìlù dùndún wọ inú orin Àjíǹde tó kọ, àwọn kan nínú ìjọ bínú, wọ́n ní ìlù abọ̀rìṣà kò gbọdọ̀ dún nínú ilé Ọlọ́run. Bí ó ṣe gbé ìlù rẹ̀ jáde nìyẹn, tó sì wá ibòmíràn fún un. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1962, òun àti Ulli Beier àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn ṣí ibùdó kan ní Òṣogbo, wọ́n sì fún un ní orúkọ Mbari, tí í ṣe ọ̀rọ̀ Igbo. Àwọn ará ìlú gbọ́ orúkọ yìí pẹ̀lú etí Yorùbá, wọ́n sì sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀: bí mo bá rí i, ǹ bá yọ̀. Orúkọ náà dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ohun tí ẹgbẹ́ yìí fi hàn níbẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta yóò rí i pé ayọ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n pè é wá rí.

Ẹgbẹ́ náà kò tóbi. Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe Ṣàngó, aya rẹ̀ Abíọ́dún ló ń ṣe Ọya, Lérè Páímọ̀ sì ń ṣe Gbọ̀nńkáà. Síbẹ̀, ní ọdún 1964 wọ́n gbé Ọba Kò So dé Berlin, ní ọdún 1965 wọ́n sì gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àjọ̀dún àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth. Òkìkí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Àwa fẹ́ fi òkìkí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí a sì bi eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìbéèrè kan ṣoṣo: nígbà tí àjálù bá dé tán, orí ta ni ẹ̀bi ń já lé?

Ọba Mọ́rọ̀ ló rọrùn jù láti dáhùn, nítorí náà a kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Aláàfin tó wà ní Ìgbòho fẹ́ kó ìlú padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn ìjòyè kò fẹ́ fi ilé àti oko wọn sílẹ̀, wọ́n sì rán àwọn abuké, àfín àti arọ lọ sí ahoro ìlú náà lóru, kí wọ́n lè ṣe bí iwin, kí ẹ̀rù lè ba ọba. Ọba fura, ó rán àwọn ọdẹ, wọ́n sì mú gbogbo àwọn iwin náà lóòyẹ̀. Ẹ̀tàn tú, ẹ̀bi já lé àwọn ẹlẹ́tàn lórí, a rẹ́rìn-ín, a sì lọ sílé. Ohun kan ṣoṣo ló ń gún wa lọ́kàn nínú rẹ̀: àwọn tí àwọn ìjòyè rán lọ dẹ́rù ba ọba jẹ́ àwọn tí ìlú ti ń wò bí iwin tẹ́lẹ̀. Eré náà kò dúró lórí èyí. Ì bá dára kó dúró.

Ẹ jẹ́ kí a fo eré àárín ná, kí a lọ sí ẹ̀kẹta. Ọba Wàjà dá lórí ìṣẹ̀lẹ̀ kan tó ṣẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní àárín àwọn ọdún 1940. Aláàfin wàjà. Bí àṣà ti wí, Olókùn Ẹṣin gbọ́dọ̀ bá a lọ. Òyìnbó aláṣẹ dá a dúró, ó rò pé ẹ̀mí ni òun ń gbà là. Ọmọkùnrin Olókùn Ẹṣin, tó wà ní Gold Coast, gbọ́ pé ọba ti wàjà. Ó mọ ohun tí ìròyìn náà túmọ̀ sí fún baba òun, ó sì gbéra wálé. Ó dé, ó bá baba rẹ̀ láàyè. Ó pa ara rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ ìtàn yìí láti ọwọ́ Wọlé Ṣóyínká, tó fi kọ Death and the King's Horseman ní ọdún 1975, tí a sì ti túmọ̀ sí èdè Faransé. Ọmọ tí Ṣóyínká dá, Olúńdé, ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó lè jókòó ti ìyàwó Òyìnbó kó sì bá a jiyàn lórí ohun tí ikú jẹ́ àti ohun tí ọlá jẹ́. Ọmọ tí Ládiípọ̀ dá kò rin ìrìn àjò tó jìnnà bẹ́ẹ̀. Gold Coast ló wà, bí àwọn ọmọ wa ṣe wà ní Accra àti Kumasi títí di òní. Ẹni tó bá gba orí ilẹ̀ láti Gold Coast lọ sí Ọ̀yọ́, ilẹ̀ Togo ni yóò gbà kọjá. Ìdí nìyẹn tí ìbànújẹ́ eré yìí fi wọ̀ wá lára ju ti Ṣóyínká lọ, bí ti Ṣóyínká tilẹ̀ jinlẹ̀ jù ú. Kò sí ilé kan láàárín wa tí kò mọ ìrìn àjò náà: ìròyìn ikú dé, ọmọ gbéra, kó tó dé ilé ó ti sunkún tán nínú ọkọ̀, ó ti bá òkú sọ̀rọ̀, ó ti dárí jì í. Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti sin baba rẹ̀ nínú ọkàn kó tó rí i tó dìde dúró níwájú rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ tí baba lè sọ tí yóò tún ohun tó bàjẹ́ láàárín wọn ṣe. Ládiípọ̀ mọ èyí, kò sì fi àsọyé dí ihò náà.

Síbẹ̀ a ní ẹ̀sùn kan sí eré yìí. Òyìnbó inú rẹ̀ fúyẹ́ jù. Ó wọlé, ó ba nǹkan jẹ́, ìlú sì rí ẹni tí yóò di gbogbo ẹrù ẹ̀bi lé lórí. Ṣóyínká rí ewu yìí, ó sì kìlọ̀ fún àwọn olùdarí eré nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe sọ ìtàn náà di ìjà àṣà méjì lásán. Ó mú ìwádìí náà wọ inú Ẹlẹ́ṣin fúnra rẹ̀: ṣé Òyìnbó ló dá a dúró, àbí adùn ayé ló ti dá a dúró kí Òyìnbó tó dé? Nínú eré Ládiípọ̀, ìbéèrè yìí kò fi bẹ́ẹ̀ gbé orí sókè. A sunkún púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹkún tó mọ́ wa lára ni, ẹkún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ìtùnú kan pamọ́ sínú irú ẹkún bẹ́ẹ̀.

Nísinsìnyí a lè padà sí eré àárín, Ọba Kò So, nítorí kò sí ìtùnú yẹn níbẹ̀. Kò sí Òyìnbó níbẹ̀. Kò sí àlejò kankan tí a lè di ẹ̀bi rù.

Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Ṣàngó, Aláàfin Ọ̀yọ́, ní balógun méjì, Tìmì àti Gbọ̀nńkáà. Ogun sú àwọn ará ìlú, wọ́n wá sọ ọ́ fún ọba. Ọba fẹ́ràn ìlú rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ìlú fẹ́ràn òun. Àwọn balógun náà kò ṣe é lé lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ, bóyá ogun ibẹ̀ yóò gbé e mì. Tìmì lọ, ó jọba. Wọ́n rán Gbọ̀nńkáà kó lọ mú un wá, bóyá àwọn méjèèjì yóò pa ara wọn. Gbọ̀nńkáà fi ọfọ̀ mú un sùn, ó sì mú un wálé. Ọba ní kí wọ́n tún ìjà náà jà níwájú gbogbo ìlú. Gbọ̀nńkáà borí, ó bẹ́ orí Tìmì, ó sì kọjú sí ọba. Nínú ìbínú, Ṣàngó pa nínú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìlú kẹ̀yìn sí i. Ọya pàápàá padà lẹ́yìn rẹ̀. Ó so ara rẹ̀ lórí igi àyàn. Nígbà náà ni igbe ta: ọba kò so.

Ẹ wò ó dáadáa, ẹ kò ní rí ìkà kan níbẹ̀ títí ọ̀rọ̀ fi bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ará ìlú tó ní ogun sú òun kò jẹ̀bi. Ọba tó gbọ́ ẹ̀dùn ìlú kò jẹ̀bi. Ìyàwó tó gba ọkọ rẹ̀ nímọ̀ràn kò jẹ̀bi. Balógun tó jẹ́ iṣẹ́ tí ọba rán an kò jẹ̀bi. Olúkúlùkù ṣe ohun kékeré kan tó bọ́gbọ́n mu, ohun kékeré wọ̀nyí sì para pọ̀ di ikú. Ọgbọ́n tó burú jù nínú ayé ni ọgbọ́n pé kí ẹlòmíràn bá wa ṣe iṣẹ́ tí ojú ń tì wá láti fi ọwọ́ ara wa ṣe. Ìyẹn ni ọba ṣe sí Tìmì. Ìyẹn náà ni ìlú ṣe sí ọba.

Ibi tí eré yìí ti ń dunni jù ni ìjà ẹlẹ́ẹ̀kejì. Idà kọ́ ni Tìmì àti Gbọ̀nńkáà kọ́kọ́ fà yọ, ohùn ni. Ọfọ̀ ń dá ọfọ̀ lóhùn, ìlù ń gbè wọ́n, adùn èdè gba gbogbo etí. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń sọ ẹ̀ka èdè Ifẹ̀ ní Atakpamé kò lè gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ọfọ̀ Ọ̀yọ́ wọ̀nyẹn yékéyéké, kódà ọmọ Ọ̀yọ́ tí kì í ṣe awo lè má gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò burú. Ìró nìkan ti tó láti gbé ènìyàn dìde lórí ìjókòó. A ń wòye ta ni ohùn rẹ̀ yóò lékè. A ń pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà orí bọ́ sílẹ̀, a sì rí i pé a ti pàtẹ́wọ́ kí a tó mọ ohun tí a ń pàtẹ́wọ́ fún. Ní ìṣẹ́jú yẹn, òǹwòran ti di ọ̀kan nínú àwọn ará Ọ̀yọ́. Ládiípọ̀ kò wàásù fún wa rárá. Adùn ló fi mú wa.

Ẹ̀yìn èyí ni a fi gbọ́dọ̀ gbọ́ igbe ìkẹyìn. Fún àwọn oníṣàngó, igbe náà jẹ́ ìgbàgbọ́: ọba kò kú, ó di òrìṣà, àrá tó ń sán ni ohùn rẹ̀. A kò bá wọn jiyàn. A mọ ọlá òrìṣà náà títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Ewe aládùúgbò wa, tí wọ́n ń pe òrìṣà àrá tiwọn ní Hebieso. Àwọn kan tún máa ń rán wa létí pé Kòso jẹ́ orúkọ ibi, pé Ọba Kòso lè túmọ̀ sí ọba tó ni Kòso. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n eré oníṣe kì í ṣe ìwé ìtàn, kì í sì í ṣe ojúbọ. Ó ń fi ẹni tó sọ̀rọ̀ hàn wá, àti ìgbà tó sọ ọ́. Ta ló ké pé ọba kò so? Àwọn tó mú ẹjọ́ wá, tí wọ́n dúró wo ìjà, tí wọ́n kẹ̀yìn nígbà tí ọba nílò wọn. Àwọn gan-an ló kọ́kọ́ ké e. Nínú ẹnu wọn, igbe náà jẹ́ oríkì, ó jẹ́ ẹ̀bẹ̀, ó sì jẹ́ sísẹ́. Bí ọba kò bá so, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lé e dé ìdí igi.

Èyí ni a rò pé ó jẹ́ ọkàn eré náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló ti ọba sínú ìṣìnà, ọ̀rọ̀ ẹnu ló mú akọni sùn, ọ̀rọ̀ ẹnu ló sì jí òkú. Ẹnu kan náà ni.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ eré kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lè kà ní èdè Faransé. Ní ọdún 1963 kan náà, Aimé Césaire tẹ La Tragédie du roi Christophe jáde. Christophe, ọba Haiti, fẹ́ràn àwọn ènìyàn rẹ̀ dé ibi pé ó fẹ́ fi ipá sọ wọn di ńlá. Ó kó wọn lọ kọ́ ilé olódi lórí òkè, ó ni wọ́n lára títí wọ́n fi kẹ̀yìn sí i, òun náà sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Orúkọ Ṣàngó pàápàá dún nínú eré náà. Ọba méjì, òkun ńlá láàárín wọn, ìṣubú kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi òkú wọn ṣe. Òkú Christophe ni wọ́n gbé gun òkè, tí wọ́n sì sin ní ìdúró sínú ilé olódi tó kọ́: ikú rẹ̀ kò ṣeé sẹ́, wọ́n sọ ọ́ di òkúta. Ní Ọ̀yọ́, wọ́n ní kò sí òkú rárá. A kò lè sọ èwo ló sàn. A mọ̀ pé ti Césaire ń jẹ́ kí a jókòó kí a máa rònú nípa ọba. Ti Ládiípọ̀ ń mú wa dìde kí a bá wọn ké, lẹ́yìn náà ni a ó máa rònú nípa ara wa.

Eré náà ní àbùkù tirẹ̀. Ìmọ̀ràn Ọya ni wọ́n fi ń ti ọ̀rọ̀ síwájú, síbẹ̀ wọn kò fún un ní ààyè tó láti sọ ohun tí ìmọ̀ràn náà ná an. Obìnrin tó fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà ikú ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, a kò sì gbọ́ ọ tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn ń sáré ní ibi tí à bá fẹ́ kó rọra rìn, pàápàá láti orí ikú Tìmì dé orí ikú ọba.

Àbùkù tó ń dùn wá jù, ti àwa tó ń gbé eré náà ṣe lónìí ni. A ti sọ Ọba Kò So di ohun ìran. Níbi àjọ̀dún àṣà, Ṣàngó jáde pẹ̀lú oṣé lọ́wọ́ àti iná lẹ́nu, bàtá ń dún, àwọn àlejò ń ya fọ́tò, igbe ìkẹyìn ta bí ìgbà tí ẹgbẹ́ kan borí nínú ìdíje. Wọ́n gé ẹjọ́ àwọn ará ìlú kúrò níbẹ̀rẹ̀ nítorí pé kò ní ijó nínú. Ẹni tó bá gé e ti gé ẹ̀bi kúrò, ìyókù á sì di ọlá ọba nìkan. Robert Armstrong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣe àdàkọ eré náà láti ẹnu àwọn òṣèré fúnra wọn, nítorí náà kò sí àwíjàre fún wa. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bá fẹ́ kà á tàbí kí wọ́n ṣe é, ìmọ̀ràn wa kò ju mẹ́ta lọ. Ẹ má ṣe gé ẹjọ́ ará ìlú kúrò. Ẹ jẹ́ kí ìjà ọfọ̀ dùn dé góńgó, nítorí adùn rẹ̀ ni ìdẹkùn. Nígbà tí ẹ bá sì dé igbe ìkẹyìn, ẹ má ṣe fi ayọ̀ ké e. Ẹ jẹ́ kí ohùn kan bẹ̀rẹ̀, kí ohùn náà wárìrì, kí àwọn yòókù máa dara pọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wojú ara wọn.

A wá padà sí ìbéèrè àwọn àgbà wa. Òótọ́ ni, ìbànújẹ́ kò tíì tán nílé. Ṣùgbọ́n nílé òkú, a kò ní ààyè. A ń ṣe ètò pósí àti oúnjẹ àlejò. A ń yin òkú, nítorí kò yẹ kí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdára. Bí a bá sì wá ẹ̀bi, ọ̀tá ilé tàbí oníṣègùn tàbí ìlú àjò ni a ń dì í rù. Ta ló lè dìde láàárín àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ kó béèrè pé, kí ni ìpín tèmi nínú ohun tó pa arákùnrin yìí? Ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní orí rẹ̀ dàrú. Orí ìtàgé ni a ti lè béèrè rẹ̀ láìsí pé òkú wà nílẹ̀, nípa ọba tó ti lọ tipẹ́, ní ìlú tí kì í ṣe tiwa. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wá ìbànújẹ́ lọ síbẹ̀.

Dúró Ládiípọ̀ kú ní ọdún 1978. Ìbéèrè tó fi sílẹ̀ kò kú. Nígbà tí òjò bá ṣú sórí àwọn òkè Atakpamé, tí àrá sì sán, àwọn àgbà wa kan ṣì máa ń kí ọba. Kò burú kí ọmọdé tó jókòó tì wọ́n béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ọba tó dé ìdí igi.